Ìyẹ̀fun Tó Ń Mu Ìmọ́lẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín. Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ojú lọ́nà ohun rere. Ọpẹ́ ni fún Ẹlẹ́dàá tó fi ìmọ́lẹ̀ ṣáájú gbogbo ohun tó dá, tí kò fi wá sílẹ̀ kí a máa fọwọ́ wá ọ̀nà bí afọ́jú. Bí ẹ bá ti jókòó, ẹ fara balẹ̀. Ìtàn tí mo gbé wá yìí wà fún gbogbo ẹni tí wọ́n ti bá wí rí lórí ohun tí kò ṣe.

Obìnrin kan wà tí gbogbo àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń pè ní Ìyá Oníyẹ̀fun. Kò tíì bímọ, kò sì ta ìyẹ̀fun rí láyé rẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Ohun tó sọ ọ́ lórúkọ yìí ni pé ìgbàkigbà tó bá ti yàrá ìwádìí jáde, ìyẹ̀fun á ti kù sí i lára níbì kan: létí ẹ̀wù funfun tí wọ́n ń wọ̀ ṣiṣẹ́, ní ìgbọ̀nwọ́, nígbà mìíràn lórí imú gan-an. Ìyẹ̀fun náà kúnná lẹ́búlẹ́bú, ó sì pupa rúsúrúsú bí ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n.

Ohun tó ń wá kò ju ẹyọ kan lọ. Ó fẹ́ ìyẹ̀fun tí èèyàn lè dà sínú omi ẹlẹ́gbin, kí wọ́n gbé omi náà síta, kí oòrùn àti ìyẹ̀fun sì jọ pa ìdọ̀tí inú rẹ̀ run. Irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀, funfun ni, irin titáníọ̀mù àti afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun funfun yẹn máa ń ṣe yàngà. Nínú gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí oòrùn ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, bíńtín ló ń mu, ó ń da ìyókù nù. Ni obìnrin yìí bá po nǹkan kékeré mọ́ ọn, ó ń yan án nínú ààrò títí ó fi yí àwọ̀ padà, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ààwẹ̀ dé.

Nǹkan méjì gbọ́dọ̀ pé kí ìyẹ̀fun náà tó lè ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́, ẹyọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré kọjá ohun tí ojú lè rí. Bí ẹ bá la fọ́nrán irun orí kan sí ọ̀nà ẹgbàárùn-ún, ẹ óò rí bí ó ṣe kéré tó. Èkejì, àwọn átọ́ọ̀mù inú ẹyọ náà gbọ́dọ̀ tò bó ṣe yẹ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà tò, bí ìdílé méjì tó fi irú búlọ́ọ̀kù kan náà kọ́lé. Ọ̀kan kọ́ ilé onífèrèsé, èkejì kọ́ ilé tó dí pa. Ilé onífèrèsé ló mọ omi fọ̀ dáadáa. Ilé dídí wúlò fún ọ̀dà ara ògiri. Bí iná bá sì ti pọ̀ jù lára ilé onífèrèsé, ńṣe ni á wó, tí á di ilé dídí, àwọn ẹyọ kéékèèké á lẹ̀ mọ́ra wọn di ńlá, kò sì sí àtúnṣe mọ́.

Báwo la wá ṣe ń mọ irú ilé tó wà nínú ohun tí ojú kò rí? Bí a ṣe ń mọ ìkòkò tó sán ni. Ẹni tó fẹ́ ra ìkòkò á fi ìka gbá a, á sì tẹ́tí. Ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibi iṣẹ́ wọn, nínú yàrá kan tí wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀, ẹ̀rọ kan wà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbá nǹkan. Iná lésà aláwọ̀ ewé, tó tín-ín-rín ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ, ló ń tàn sórí ìyẹ̀fun. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ náà á ta padà bó ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ á padà pẹ̀lú àwọ̀ tó ti yí, nítorí pé àwọn átọ́ọ̀mù tó ń gbọ̀n nínú ilé wọn ti fara kàn án. Ẹ̀rọ náà á kó ìwọ̀nba yẹn jọ, á fà á bí ìlà sójú kọ̀ǹpútà, ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ bí òkè àti àfonífojì. Ilé onífèrèsé ní òkè tirẹ̀, ilé dídí ní tirẹ̀. Bí ẹyọ bá sì kéré gan-an, òkè náà á yẹ̀ díẹ̀ kúrò níbi tó máa ń wà, ìdí rẹ̀ á sì fẹ̀.

Ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ yìí ni wọ́n ń pè ní Kánmọ́kánmọ́. Onímọ̀ ni òun náà, ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n wọn kò fi sùúrù kún ẹrù rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ wá sáyé. Àwọn tó ń tò de ẹ̀rọ náà pọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ó ti sọ ọ́ di òfin pé kí ẹnikẹ́ni tó bá débẹ̀ ṣí iná lésà dé góńgó. Bí iná bá pọ̀, òkè á yọ kíá, ẹlòmíràn á sì bọ́ síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ìyẹ̀fun funfun, kò sì sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kánmọ́kánmọ́ yí ojú kọ̀ǹpútà sí Ìyá Oníyẹ̀fun.

"Ìgbà kẹta rèé. Wò ó fúnra ẹ. Ilé dídí. Ilé dídí gbáà! O tún ti jó o nínú ààrò."

"Mi ò jó o."

"Ta ló wá jó o? Èmi?"

"Mo dín iná ààrò kù lọ́tẹ̀ yìí. Mo dúró tì í."

"O dúró tì í, ó sì jóná níṣojú ẹ. Ẹni tó dúró ti ọbẹ̀ tí ọbẹ̀ fi jóná, ṣé ìkòkò la máa mú lọ sílé ẹjọ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, kò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò lè rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wo ìlà yẹn bí ẹni tó ń wo ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ní ó jalè.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni ilé iṣẹ́ ìwádìí náà níkàáwọ́ pè é sí ọ́fíìsì. Àgbàlagbà olóhùn pẹ̀lẹ́ ni, kì í bínú, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi máa ń wúwo.

"Ọmọ mi, mo mọ̀ pé o ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ̀rọ ò mojú ẹnikẹ́ni. Àwọn àlejò tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Bó o bá rí ìyẹ̀fun pupa tó ní ilé onífèrèsé fi hàn wọ́n, a ó máa bá a lọ. Bí kò bá sí, mo máa pa iṣẹ́ yẹn tì, wàá sì bọ́ sídìí ìyẹ̀fun funfun bíi tàwọn yòókù."

"Gbogbo ọdún tí mo ti fi ṣe é ńkọ́, sà?"

"Ọdún téèyàn ti lò kì í ṣe ẹ̀rí, ọmọ mi."

Ó dúpẹ́, ó jáde. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbàdúrà kúkúrú kan tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò ní òpin: "Olúwa, bí mo bá jó o, fi hàn mí. Bí mi ò bá sì jó o, fi hàn wọ́n."

Bàbá rẹ̀ ló ń bá gbé. Télọ̀ ni bàbá náà kí awọ funfun kan tó bo ojú rẹ̀ ọ̀tún. Òun ló ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ibi tí kì í ti í kọrin, títí kan ibi tí kò yẹ. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú náà, wọ́n ti ká awọ yẹn kúrò, Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì ní kó wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ.

Nínú yàrá dókítà, wọ́n gbé bàbá jókòó sórí àga gíga, wọ́n ní kó gbé àgbọ̀n lé irin kan.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá orin yẹn dúró," ni dókítà àgbà, obìnrin kan tó ní ìwà tútù, wí. "Orí yín ń mì."

"Orin ọpẹ́ ni, Dókítà."

"Ọlọ́run á gbọ́ ìyókù tá a bá ṣe tán."

Dókítà mìíràn tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló tan iná sójú náà. Bí iná ṣe tàn, bàbá fò sókè. Ó di ojú pinpin, omi ń dà wàrà lójú rẹ̀.

"Áà! Ẹ gbà mí o! Ṣé ojú lẹ fẹ́ yẹ̀ wò ni, àbí ẹ fẹ́ sun ún jẹ?"

Dókítà àgbà di ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mú.

"Rọra. Ohun tó o fẹ́ wò lò ń bà jẹ́ yẹn. Ojú yìí ò ní awọ tó ń bò ó mọ́, gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó o bá fún un ló ń gbà sínú. Iná tí ojú mìíràn lè gbà ti pọ̀ jù fún un. Lo iná kékeré, kó o ní sùúrù, wàá rí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀."

Wọ́n dín iná kù. Ojú bàbá là díẹ̀díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ kàn.

Ìyá Oníyẹ̀fun dìde fùú, àga rẹ̀ ṣubú.

"Ìmọ́lẹ̀ ló jó o!"

"Ojú mi?" ni bàbá pariwo.

"Rárá, Bàbá! Ìyẹ̀fun mi!"

"Ìyẹ̀fun wo nìyẹn?" ni dókítà béèrè.

"Ẹ má dá a lóhùn, Dókítà," ni bàbá wí. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ojú mi ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́."

Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ wọn mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló po ìyẹ̀fun yẹn kó lè máa mu ìmọ́lẹ̀. Kí ló wá rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tú odidi iná lésà lé e lórí? Ìyẹ̀fun funfun ń da ìmọ́lẹ̀ nù, ara rẹ̀ kì í gbóná. Tirẹ̀ ń gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ọmọ télọ̀ mà ni! Láti kékeré ló ti mọ̀ pé ara ẹni tó bá wọ dúdú nínú oòrùn ọ̀sán á gbóná ju ti ẹni tó wọ funfun lọ. Oore tó ṣe fún ìyẹ̀fun náà gan-an ni wọ́n ń fi pa á, lábẹ́ ẹ̀rọ tó yẹ kó jẹ́rìí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá, tó ti de ojú rẹ̀ padà.

"Ó yé mi," ni bàbá wí. "Ìwọ náà, nígbà tó o wà ní kékeré, ńṣe lo máa ń kígbe mọ́ orin. Mo máa ń sọ fún ẹ pé kó o rẹ ohùn sílẹ̀ kó o lè gbọ́ tẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ. Ọlọ́run tó ni ìjì àti iná pàápàá, ṣebí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi ń bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ lóòótọ́, fún ìgbà díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin náà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ kí Kánmọ́kánmọ́ tó dé.

"Mo fẹ́ kó o bá mi dín iná lésà kù. Sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún."

"Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún! Kí òkè tó yọ, ọmọ mi á ti gboyè. Ṣé o mọ iye èèyàn tó ń tò ni?"

"Mo mọ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ti yọ̀ǹda àárọ̀ yìí fún mi."

"Wọ́n yọ̀ǹda! Kí lo fún wọn?"

"Ọ̀rọ̀ dídùn."

"Áà, òun ló kúkú ń yọ obì lápò." Ó mí kanlẹ̀, ó jókòó. "Ó yá. Àmọ́ mò ń wo aago."

Obìnrin náà bu ìyẹ̀fun tuntun láti inú ìgò kẹta, èyí tí wọ́n ní ó jóná yẹn gan-an. Wọ́n dín iná kù títí ó fi dà bíi pé kò sí. Ohun tó kọ́kọ́ hàn lójú kọ̀ǹpútà kò jọ òkè rárá. Ó rí wúruwùru bíi pápá tí ẹran ti jẹ.

"Koríko ni," ni Kánmọ́kánmọ́ wí.

"Fi í sílẹ̀."

Kánmọ́kánmọ́ dìde, ó jókòó. Ó jáde lọ mu omi, ó wọlé padà. Ó ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, ó tún un kà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ̀rọ náà kò dá sí i. Ó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ lẹ́yọ lẹ́yọ, bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì tó dànù sílẹ̀.

Nígbà tó yá, nǹkan kan wú sókè lápá òsì.

Obìnrin náà tẹ̀ síwájú. Kánmọ́kánmọ́ kò wo aago mọ́. Òkè náà ń dìde, ó ń dìde, títí ó fi dúró gbagidi. Òkè ilé onífèrèsé ni. Ó yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kó rí bí ẹyọ bá kéré gan-an. Níbi tí òkè ilé dídí ì bá wà, pẹrẹsẹ ni ilẹ̀ tẹ́.

"Kò jóná rí," ni obìnrin náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Látọjọ́ yìí, kò jóná rí."

Kánmọ́kánmọ́ di orí mú. "Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jó ìyẹ̀fun oníyẹ̀fun."

"Ìwọ náà kúkú bi mí lọ́jọ́sí pé ta ló jó o, àbí ìwọ ni."

Ó wò ó, ẹ̀rín sọ lẹ́nu rẹ̀, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Wọ́n pe Ọ̀jọ̀gbọ́n wá, ṣùgbọ́n òun kò tíì rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, ó wò ó pẹ́.

"Ó dára. Àmọ́ ẹ̀rí kan nìyí, mẹ́ta ló wà lódì kejì. Àwọn àlejò á ní o lọ wá ìyẹ̀fun mìíràn fi rọ́pò."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe é lójú wọn, sà."

"Bó bá kọ̀ ọ́ lójú wọn ńkọ́?"

"Màá bọ́ sídìí funfun, sà. Ẹ ò ní gbọ́ ìráhùn lẹ́nu mi."

Ọjọ́bọ̀ pé. Àwọn àlejò wọ inú yàrá kékeré náà, wọ́n kún un dẹ́múdẹ́mú. Àgbà wọn ni màmá kan tó so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ojú rẹ̀ le bí ojú olùkọ́ ìṣirò.

"Ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ wa sọ pé ìyẹ̀fun yìí ti jóná nínú ààrò," ni màmá náà wí.

"Òótọ́ ni, Mà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ yín bu ìyẹ̀fun látinú ìgò tó wù yín. Ẹ sì yan ibi tí ẹ fẹ́ kí iná tàn sí."

Màmá wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó bu ìyẹ̀fun, ó yan ibẹ̀. Wọ́n tan iná kékeré. Koríko yọ. Wọ́n dúró. Àlejò kan wúkọ́. Òmíràn wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ohùn kan sì ti ẹ̀yìn wá: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Ohun tó dára kì í fẹ́ ìkánjú."

Kánmọ́kánmọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀! Ọ̀jọ̀gbọ́n yára bojú wo ògiri kí wọ́n má bàa rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Òkè dìde. Òkè ilé onífèrèsé, ó fẹ̀, ó yẹ̀, ó ga.

"Ẹ má tíì gbà mí gbọ́, Mà," ni Ìyá Oníyẹ̀fun wí. "A ò ní sún ìyẹ̀fun yìí kúrò lójú kan. Ibi tí ẹ yàn náà ni. A fẹ́ ṣí iná dé góńgó, bí a ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀."

Kánmọ́kánmọ́ ṣí i. Òkè tó dúró gbagidi yẹn wó lójú gbogbo wọn, òkè méjì mìíràn sì ta yọ lọ́tùn-ún, òkè ilé dídí. Ó tún dá iná padà sí kékeré, wọ́n dúró. Ilé dídí kò yí padà mọ́. Wọ́n wá sún ìyẹ̀fun díẹ̀, wọ́n fi iná kékeré wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀: ilé onífèrèsé ṣì wà níbẹ̀, digbí. Nínú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, wọ́n rí àpá kan lórí ìyẹ̀fun náà, bí ibi tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn lára aṣọ.

Màmá gbé awò rẹ̀ wọ̀, ó bọ́ ọ, ó tún gbé e wọ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ léyìí?"

"Ojú bàbá mi ni, Mà."

Ẹ̀rín sọ. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì tú ká bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Ó kọjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Iṣẹ́ yìí kò gbọ́dọ̀ dúró. Mélòó nínú ìyẹ̀fun aláwọ̀ lẹ ti kọ̀ sílẹ̀ pé ó jóná?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n rìn lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ṣí i. Ìgò kún ibẹ̀, àwọ̀ oríṣiríṣi, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ti wá tí wọ́n ti lọ, eruku ti bò wọ́n. Ó gbé wọn jáde fúnra rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nù wọ́n.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "ìwọ lo máa gbọ́ ẹjọ́ gbogbo wọn. Dárí jì mí pé mi ò bi ẹ̀rọ léèrè kí n tó bi ẹ́."

"Kò sí nǹkan tó ṣe, sà. Ọlọ́run ló mọ àkókò."

Ẹ lọ wo ara ẹ̀rọ náà lónìí. Kánmọ́kánmọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ọn: RỌRA.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú ojú bàbá sílẹ̀ pátápátá. Ọmọ rẹ̀ gbé ife dígí kan sójú fèrèsé ilé wọn. Ó kán aró sínú omi rẹ̀ títí ó fi dúdú bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀, ó wá wọ́n ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú díẹ̀ sí i. Bàbá gbé àga síwájú fèrèsé, ó ní òun kò kúrò níbẹ̀. Oòrùn ń gòkè. Omi náà ń ṣí, bí ẹni tó ń jí lójú oorun, títí ìyẹ̀fun fi rọlẹ̀ sísàlẹ̀ ife, tí bàbá sì ń gba inú omi rí igi tó wà níta.

"Mo rí i," ni bàbá wí. "Mo rí ewé ẹ̀ pàápàá."

Kò kígbe. Ó dá orin kan, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ọmọ rẹ̀ sì gbè é.

Ìwọ tó ka ìtàn yìí, kí Ẹlẹ́dàá má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ìkánjú dá ẹjọ́ rẹ. Kí ohun rere tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe má di ohun tí wọ́n fi ń pa ọ́ lára. Ìmọ́lẹ̀ tí kò ní jó ọ, tí kò sì ní fi ọ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn, kí ó tàn sí ọ̀nà rẹ. Ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ mọ́ àwọn tó jóná, ibẹ̀ gan-an ni òkè rẹ yóò ti dìde. Àmín.